Ẹ̀kọ́ Dìgírì Nínú Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà ní Ìlú Bìní: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ

Sí Sẹ́néètì Yunifásítì ti Ìlú Bìní, sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó, sí NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, àti sí gbogbo òbí tí ọmọ wọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà.

Ẹ̀kọ́ dìgírì nínú iṣẹ́ ọnà àti àṣà dá lórí àwọn iṣẹ́ tí ọgbọ́n inú, ọwọ́ àti ohùn ènìyàn ń bí, tó sì ń di ohun títà tàbí ogún ìran. Ère gbígbẹ́, àwòrán yíyà, idẹ dídà, aṣọ híhun, orin, ijó, tíátà, fíìmù, ìwé títẹ̀, ìpolówó ọjà àti ìtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà 13 nínú ìwé kan tí wọ́n fi ṣírò owó tó ń ti ara wọn wọlé, àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ sì ti kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ dìgírì kan. Ní Nàìjíríà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wà: akẹ́kọ̀ọ́ kan á gba dìgírì nínú iṣẹ́ ọnà, èkejì nínú tíátà, ẹ̀kẹta nínú orin. Ìlú Bìní ní ohun mẹ́ta tí irú ẹ̀kọ́ yìí ń fẹ́: ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà láti ayébáyé, yunifásítì, àti ọjà tí iṣẹ́ ọnà ti ń tà. Ohun tó kù ni kí àwọn aláṣẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú ìlànà ẹ̀kọ́. Ìlànà NUC ti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Kí yunifásítì tó dé ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti wà ní Bìní. Àwọn Ọba ló pín àwọn oníṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀, olórí tirẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe fún ààfin. Igun Eronmwon ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń da idẹ, òpópónà Igun ni wọ́n sì wà títí di òní. Igbesanmwan ni àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin àti igi, Igun Ematon ni àwọn alágbẹ̀dẹ irin, Owina n'Ido sì ni àwọn ahunṣọ. Ìtàn tí Olóyè Jacob Egharevba kọ sílẹ̀ sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀gá oníṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Igueghae ti wá kọ́ àwọn ará Bìní ní idẹ dídà nígbà ayé Ọba Oguola. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń gba ìmọ̀ yìí láti ìran dé ìran.

Idẹ dídà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu kọ́. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ère, á jẹ́ kó gbẹ, á sì fi ìda oyin bò ó. Ara ìda yìí ni yóò ti fín ojú, imú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti gbogbo ọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́. Lẹ́yìn náà ni á fi amọ̀ kíkúnná bo ìda ní ìpele ìpele, á fi ihò sílẹ̀, á sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú iná. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde. Àyè tí ó fi sílẹ̀ ni idẹ yíyọ́ yóò gbà. Bí ó bá tutù tán, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara idẹ náà, wọ́n á máa dán an. Nítorí pé fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ amọ̀, ère kan kì í ní ìkejì rẹ̀ gan-an. Amọ̀ tí kò gbẹ dáadáa lè bẹ́ nínú iná, kí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sì ṣòfò. Ojú tó mọ àwọ̀ iná tó ti tó, ọwọ́ tó mọ bí ìda ṣe ń rọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá nìkan ni ènìyàn ti ń rí wọn. Kíláàsì wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò lè fúnni.

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó Bìní lógun, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ. Wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi wàjà ní ọdún 1914. Ọmọ rẹ̀, Ọba Eweka Kejì, tó gorí oyè ní ọdún yẹn kan náà, jẹ́ oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀. Òun ló tún ààfin kọ́, tó sì gbé àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ dìde padà. Láti ìgbà ìjọba àmúnisìn ni àwọn oníṣẹ́ Igun ti ń tajà fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́, kì í ṣe fún ààfin nìkan. Ọjà ti wọ inú iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ìbéèrè tó bá a wọlé kò sì tíì tán: ta ló ń dá iye lé ère, ta ló ni àpẹẹrẹ tó wà lára rẹ̀, ta sì ni èrè ń lọ sí ọwọ́ rẹ̀?

Àwọn ọmọ Bìní ti fi iṣẹ́ dáhùn apá kan ìbéèrè yìí. Felix Idubor, tó gbé ayé láti 1928 sí 1991, fi igi gbígbẹ́ ṣe ilẹ̀kùn àti ère fún àwọn ilé ńláńlá ní àsìkò òmìnira Nàìjíríà. Erhabor Emokpae, tí wọ́n bí ní Bìní, ló ṣe àwòrán àmì FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní Èkó ní 1977. Ojú Ìyá Ọba Idia, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, ló wà lára àmì náà. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum kò gbà láti yá Nàìjíríà ní ojú ère àtijọ́ náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àjọ̀dún náà, agbẹ́gilére ọmọ Bìní kan, Joseph Alufa Igbinovia, ló gbẹ́ tuntun. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe.

Yunifásítì ti Ìlú Bìní, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UNIBEN, bẹ̀rẹ̀ ní 1970 gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1975. Ọ̀jọ̀gbọ́n Solomon Wangboje, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria ní àwọn ọdún 1950, wà lára àwọn tó fìdí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà múlẹ̀ níbẹ̀. Kó tó dé Bìní, ó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì lọ́wọ́ nínú ètò Orí Olókun, tó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn òṣèré àti àwọn olùkọ́ yunifásítì pọ̀ síbì kan. Nínú ètò Orí Olókun yìí náà ni Ola Rotimi ti kọ́kọ́ gbé eré Ovonramwen Nogbaisi sórí ìtàgé ní 1971. Bí ìtàn Ọba Bìní ṣe di eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jákèjádò Nàìjíríà ń kà nìyẹn, láti ibi tí ọ̀gá oníṣẹ́ àti olùkọ́ ti jọ wà.

Lónìí, ọgbà Ekehuan ni àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti tíátà UNIBEN wà, nínú ìlú kan náà pẹ̀lú òpópónà Igun, ààfin Ọba àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní oríta Ring Road. Ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Auchi Polytechnic ti kọ́ àwọn ayàwòrán tó lórúkọ káàkiri Nàìjíríà. Olóògbé Victor Uwaifo, tí orin rẹ̀ “Joromi” ti sọ di ìlú mọ̀ọ́ká láti àwọn ọdún 1960, padà lọ jókòó sí kíláàsì UNIBEN nígbà tó ti di àgbà, ó gba dìgírì nínú iṣẹ́ ọnà, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Kó tó kú ní 2021, ó kọrin, ó gbẹ́ ère, ó kọ́ni, ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Irú ènìyàn tí ẹ̀kọ́ yìí yẹ kó máa ṣe nìyẹn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wọlé kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìdánwò ìgbàwọlé yunifásítì tí àjọ JAMB ń ṣe ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé, pẹ̀lú kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣekágbá girama, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Ọdún 4 ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tó ti ní díplómà tó kúnjú ìwọ̀n tàbí ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE lè gba ọ̀nà Direct Entry, kí wọ́n sì fi ọdún 3 parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ń tọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò: yíya nǹkan tó wà lójú, ère, àwọ̀, amọ̀, aṣọ àti ìtàn iṣẹ́ ọnà. Bí wọ́n ti ń lọ sókè ni oníkálukú á mú ẹ̀ka tirẹ̀, nígbà tó bá sì ku díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n á ṣe àfihàn iṣẹ́, wọ́n á sì kọ ìwé ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tíátà náà á gbé eré jáde dípò àfihàn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló tún ń ṣe kọ́ọ̀sì lórí àwọn ẹ̀yà àti àṣà Nàìjíríà àti lórí bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀.

Ibi tí àyè wà nìyí. Ní òpin ọdún 2022, NUC gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde fún gbogbo yunifásítì Nàìjíríà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2023. Ìlànà náà fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ sọ́wọ́ NUC, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá agbègbè rẹ̀ mu kún un. Yunifásítì tó wà létí òkun lè fi ti òkun kún tirẹ̀. Ní Bìní, ohun tó bá agbègbè mu kò fara sin: àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́, ààfin, àwọn iṣẹ́ tó ń padà bọ̀ láti òkè òkun, àti ọjà fíìmù àti orin tó ti gbilẹ̀ nínú ìlú. Bí ìdá 30 yìí bá kàn di àlékún kọ́ọ̀sì inú ìwé, àǹfààní ńlá ti bọ́ sọ́nù.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wọ inú ìdá náà ni ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ètò ìkọ́ṣẹ́ SIWES, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973, ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń fọwọ́ sí. Kò sí ohun tó ní kí ibi tí wọ́n ti ń da idẹ ní Igun má jẹ́ irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ti lo ogójì ọdún nídìí iná lè má ní ìwé ẹ̀rí kankan, síbẹ̀ òun ni olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó yẹ kí yunifásítì fún un ní ipò olùkọ́ tó lórúkọ, kó sì san owó rẹ̀ lásìkò. Ààfin ló sì yẹ kí wọ́n bá ṣe àdéhùn náà, nítorí Ọba ló ni àwọn ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin inú ìdílé ni ẹgbẹ́ Igun ń kọ́ ní idẹ dídà, yunifásítì kò sì lè pa àṣà ẹgbẹ́ dà láti òde. Ṣùgbọ́n yunifásítì jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Bí ibi ìdadẹ bá wà nínú ọgbà Ekehuan, tó ní iná, amọ̀, ìda àti idẹ tó tó, tí ọ̀gá bá sì ń wá kọ́ni níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin á kọ́ iṣẹ́ náà láì jẹ́ pé ẹnì kan tẹ òfin ẹgbẹ́ lójú.

Ìkejì ni òfin. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún oníṣẹ́ ní àṣẹ lórí ohun tó bá dá sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó tún ní ìpín tó dáàbò bo iṣẹ́ àbáláyé àwùjọ kan lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi ṣòwò láìgba àṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ojú Idia ṣe ọnà sára aṣọ, tàbí tó fẹ́ fi orin ìbílẹ̀ sínú fíìmù, gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin yìí sọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Orin kan ṣoṣo lè ní ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ti ẹni tó ṣe ohùn, ti ẹni tó lu ìlù àti ti ilé-iṣẹ́ tó gbà á sílẹ̀ nínú, àdéhùn tí ọmọdé kan bá fọwọ́ sí láìkà sì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Rema, olórin ọmọ Bìní, gbé “Calm Down” jáde ní 2022, orin náà sì dé ipò 3 lórí àtẹ orin Billboard ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ṣeré ní gbọ̀ngàn O2 ní London ní 2023, ojú ère tí wọ́n ṣe bíi ti Idia ló wọ̀ jáde. Ẹ̀yìn irú ìrọ̀lẹ́ kan bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, agbẹ́gilére, aṣètò ìmọ́lẹ̀, olùṣírò owó àti alámòójútó náà wà níbẹ̀. UNIBEN ní ẹ̀ka òfin àti ẹ̀ka ìṣàkóso òwò nínú ọgbà rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ ọnà ní àdéhùn, ẹ̀tọ́, owó orí àti bí a ṣe ń dá iye lé iṣẹ́ kò ní kó ìnáwó ńlá wọlé.

Ìkẹta ni ìtọ́jú ogún ìran. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ kan tí wọ́n kó ní Bìní ní 1897 padà. Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni iṣẹ́ Bìní tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ tó wà nílẹ̀ wọn, wọ́n sì kó 20 wá sí Abuja ní oṣù Kejìlá. Ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Amẹ́ríkà dá 29 padà ní ọdún yẹn, Netherlands sì dá 119 padà ní 2025. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde nínú ìwé ìjọba pé Ọba Bìní ló ni àwọn iṣẹ́ náà. Àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Digital Benin, tó jáde ní 2022, ka iṣẹ́ 5,246 ní ilé ìkóǹkansí 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ohun tó dé ilé ń fẹ́ ẹni tó mọ bí afẹ́fẹ́ olómi ṣe ń ba idẹ jẹ́, tó mọ bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó gbọ́ èdè Ẹdó débi tó fi lè bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ère kan ń ṣe nínú ààfin. Àwọn Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí kò bá sí ọmọ Bìní tó kọ́ iṣẹ́ yìí, àjèjì ni yóò máa bá wọn tọ́jú ohun baba wọn nínú ilé baba wọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹni tó ni ogún kò sì ṣeé fò dá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn wọ inú ọgbà MOWAA, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà ní Bìní, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣí i, ayẹyẹ ìṣísílẹ̀ náà kò sì lè wáyé bí wọ́n ti pète rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé owó àti ilé tó lẹ́wà kò tó. Ẹni tó fẹ́ ṣàkóso ibi àṣà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá ààfin sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ti àdúgbò, àti bí a ṣe ń la ohun gbogbo yé ará ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì ló yẹ kí ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ rò ó.

Fún àwọn òbí, ẹ̀rù pé ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ ọnà kò ní rí iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rù asán. Dìgírì nìkan kò fúnni níṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ pọ̀: olùkọ́ girama, ayàwòrán ilé ìwé ìròyìn, ẹni tó ń ṣètò ojú ìtàgé, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, aṣàpẹẹrẹ aṣọ, olùdarí fíìmù. Lancelot Oduwa Imasuen, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó, fi fíìmù sọ ìtàn ogun 1897 fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ka ìwé rẹ̀ rí. Owó ìwé náà ti ní ìrànlọ́wọ́ díẹ̀: òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti 2024 jẹ́ kí àjọ NELFUND máa yá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìgba èlé. Ohun tó yẹ kí òbí bi yunifásítì ni irú iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò ní lọ́wọ́ nígbà tó bá parí, àwọn ọ̀gá tí yóò ti bá ṣiṣẹ́, àti bóyá yóò lè ka ìwé àdéhùn kó sì lóye rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè kò pọ̀. Kí Sẹ́néètì UNIBEN fi ìdá 30 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ọ̀sì dandan mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, tíátà àti orin: ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́, òfin àti òwò iṣẹ́ ọnà, àti ìtọ́jú ogún ìran. Kí NUC gba ọ̀gá ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ nígbà tó bá ń ṣe àyẹ̀wò, kí ó má sì wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan. Kí ITF fi àwọn ibi iṣẹ́ Igun sínú ìwé SIWES. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣí ilẹ̀kùn Victor Uwaifo Creative Hub sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ya fíìmù kí wọ́n sì gba orin sílẹ̀, kí ó sì máa ra iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún àwọn ilé ìjọba, bí wọ́n ṣe ra ti Idubor ní àsìkò òmìnira. Kí ààfin àti yunifásítì fọwọ́ sí àdéhùn kan tó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́, ohun tí kò gbọ́dọ̀ dà kọ, àti owó tó tọ́ sí ọ̀gá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wà nínú agbára àwọn tí a kọ lẹ́tà yìí sí, láìdúró de òfin tuntun. Sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.